Ẹ Tú Okùn Yẹn Kúrò Lójú Ọ̀nà

Okùn ni wọ́n ta sójú ọ̀nà ibùdó ìgbafẹ́ kan. Okùn búlúù tí àwọn onímọ́tò fi ń di ẹrù ni. Wọ́n so ìdí kan mọ́ igi máńgòrò, ọmọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fa ìdí kejì lọ́wọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ẹnu ọ̀nà tán lọ́dọ̀ àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ ni, 1,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì fún wa ní rísíìtì. A ò tíì rìn jìnnà sí wọn tí a fi kan okùn. Mo kí ọmọ náà. Mo rò pé yóò dìde, nítorí mo lè bí bàbá tó bí i. Kò dìde, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lè kọjá. Òyìnbó yẹn máa san 5,000."

Mo wẹ̀yìn, mo ń wá òyìnbó. Ìyá kan ló wà lẹ́yìn mi, ọmọ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ẹni bí ọgọ́ta ọdún. Ó dúdú ju ọmọ tó di okùn mú lọ. Ó wọ aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní Salvador lọ́hùn-ún ló fi í lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun mú un yí ilẹ̀ wa ká. Aṣọ ni ìyá yìí ń rán jẹun, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi tọ́jú owó ìrìn-àjò náà. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti kó àwọn ìyá ńlá rẹ̀ lẹ́rú lọ. Ó ń bọ̀ wálé, ọmọ ilé ń pè é ní òyìnbó.

Ó bi mí pé kí ni ọmọ náà ń sọ. Mo ní ó ń kí i káàbọ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iléèwé pé kí wọ́n má purọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba fún ọmọ yẹn, ó ní "Adupé," bí wọ́n ti ń pè é lọ́hùn-ún. Ọmọ gba 5,000, ó sọ okùn sílẹ̀, a kọjá, ó tún fà á le.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì fún oṣù mélòó kan, kò dà. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó kọ́kọ́ lọ tú okùn rẹ̀ ná.

Okùn yẹn nìkan kọ́ la bá pàdé lọ́jọ́ náà. Ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, wọ́n gba 1,500. Níwájú díẹ̀, ẹni tó ń gba owó fọ́tò ní fóònù jẹ́ 2,000, kámẹ́rà gidi jẹ́ 10,000, kámẹ́rà gidi sì ni ti ìyá náà. Nígbà tí a dé etí omi, àgbàlagbà kan, ẹgbẹ́ mi, yọ sí wa pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀. Ó ní owó ètùtù kù, pé omi kì í gba àlejò lọ́wọ́ òfo. Mo bi í pé òrìṣà wo ló fẹ́ fi bọ. Kò rí orúkọ kan dá. Ó gba 6,000. Ìyá ará Bahia kò dúró de ètùtù rẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ létí omi, ó fi ọwọ́ bomi sí àtàrí, ó ní "Oore Yèyé o" pẹ̀lú ahọ́n àwọn ará ibẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Níbi tí orúnkún rẹ̀ wà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta àti pámpáàsì ọmọdé kan wà níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú àpò aṣọ tó gbé kọ́rùn. Àgbàlagbà onírùkẹ̀rẹ̀ ń wò ó.

Kí a tó padà dé ìdí ọkọ̀, mo ti ṣírò rẹ̀. 1,000 náírà tí ìjọba kọ sára ògiri ti di 23,500 lórí obìnrin kan ṣoṣo.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀. Ẹ ó ní ayé ló le. Ẹ ó ní náírà ti ṣubú, ọ̀nà ti bàjẹ́, epo wọ́n, ajínigbé wà nígbó, àrùn tí a ò mọ̀ dé láti òkè òkun ó sì pa ọjà wa. Ẹ ò purọ́. Iṣẹ́ gbígba àlejò, iṣẹ́ tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lókèèrè lè pa nílé ni. Ní 2019, àwọn tó rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn káàkiri àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 1.5. Kòrónà dé lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọn ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 lọ. Nílé níbí, oṣù kẹta 2020 ni wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú wa pa mọ́ bàálù òkè òkun, ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Ìyá tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́nu igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò gbọ́ orúkọ Wuhan ní ilẹ̀ Ṣáínà rí láyé rẹ̀, àrùn tó ti Wuhan wá ni kò jẹ́ kó rí àlejò tà á fún lóṣù kẹjọ ọdún náà. Ta ni yóò bá ìyá yẹn wí? Èmi kọ́.

Ti ajínigbé ni mo tilẹ̀ gbà jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2024, ní Èkìtì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n pa ọba méjì tó ń ti ìpàdé bọ̀, Onímọ̀jò àti Elésùn, wọ́n sì gbé ọmọ iléèwé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn lọ nínú ọkọ̀ ní Èmùré. Níbi tí ọba ti ń lọ sí ìpàdé tí kò padà dé ààfin, ta ni yóò kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ pé òun fẹ́ lọ fi ibi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù ní Ìkógòsí hàn án? Ẹ̀yin ìjọba, ibí ni ọ̀rọ̀ yín wà. Ẹ kọ́ ẹnu ọ̀nà ńláńlá sí ibùdó ìgbafẹ́, ẹ ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ gé rìbọ́ọ̀nù. Ọ̀nà tó lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn wá kún fún kòtò. Níbi tí kòtò bá wà, ọkọ̀ á rọra rìn, ibi tí ọkọ̀ ti ń rọra rìn sì ni ajínigbé ń dúró sí. Iṣẹ́ kan náà ni kòtò àti ajínigbé jọ ń ṣe. Ẹni tó bá dí kòtò ti lé ìdajì àwọn ọ̀daràn kúrò lójú ọ̀nà kó tó yin ìbọn kan.

Ẹ má sì ṣe rò pé àwọn ará ìta ò mọ̀. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ọmọ ìlú àwọn má dé àdúgbò kan, ọ̀rọ̀ náà ju ìkìlọ̀ ẹnu lọ. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá fara pa níbẹ̀. Ẹni tó ń kó èrò wá kò ní lè kó wọn wá mọ́, nítorí kò sí ẹni tó máa dúró fún un. Bí orúkọ ìpínlẹ̀ kan bá wọ inú ìwé yẹn, ọjà àwọn tó ń ta nǹkan fún àlejò níbẹ̀ ti wọ gàù.

Ti owó náà ńkọ́? Ní 2022, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Emirates ṣíwọ́ wíwá sí Nàìjíríà, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa lọ́dọ̀ wa kò rí ọ̀nà jáde gẹ́gẹ́ bíi dọ́là. Oṣù kẹwàá 2024 ni wọ́n tó padà. Epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023 ti ju 1,000 lọ kí 2024 tó parí. Tísà tó ń fi ọkọ̀ kó ọmọ iléèwé lọ wo àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta tẹ́lẹ̀, níbo ni yóò ti rí owó epo? Mo gbà, mo tún gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Afẹ́fẹ́ òkèèrè tó ba ọjà wa jẹ́ náà ló tún ń fẹ́ ire wá sọ́dọ̀ wa, èyí ni ẹ ò fẹ́ rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹni tó bá ṣẹ́ 100 dọ́là ní báńkì á gba nǹkan bí 46,000 náírà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 100 dọ́là náà ti ju 150,000 lọ. Ohun tó fọ́ ilé ìyálọ́jà ló sọ ilẹ̀ wa di ibi tó rọ àlejò lọ́rùn. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, tó jẹ́ pé Spain ló ń lọ gbafẹ́ sí, ṣírò rẹ̀, ó rí i pé ilé bàbá òun dínwó jù. Ọmọ wa tó wà nílé, tó ń fi owó oṣù rẹ̀ lọ sí Dubai ya fọ́tò, kò lágbára rẹ̀ mọ́, òkè Ìdànrè sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, ó ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ọlọ́run ò ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Fóònù tí ẹ ń tẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti ayé àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, á tò, àwọn ìdílé ológun á gun ẹṣin, a mọ̀ ọ́n láàárín ara wa. Lóṣù kẹfà 2024, ẹnì kan ya fọ́tò ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Farooq Oreagba, lórí ẹṣin, pẹ̀lú agbádá àti dígí dúdú, sìgá ńlá lẹ́nu. Fọ́tò náà tàn láti fóònù dé fóònù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí kò lè tọ́ka sí Ìjẹ̀bú lórí àwòrán ilẹ̀ ti ń bèèrè pé ọjọ́ wo ni tọdún tó ń bọ̀. Ìjọba kankan ò ná owó sí fọ́tò yẹn. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé gíga tàbí etíkun. Ọ̀ṣọ́ wa ni, bí aṣọ òkè wa ṣe ń yẹni, bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe ń jókòó sórí ẹṣin bí ẹni tó ni ayé.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹranko igbó àti yanrìn etíkun ni àlejò ń wá wò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyẹn nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá wò mọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti bí ọmọ, ọmọ wọn ti bímọ, wọ́n sì ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti wá. Gánà gbọ́ ìbéèrè náà kíákíá: ní 2019, ọdún 400 lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Áfíríkà àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Virginia, wọ́n pè wọ́n wálé, ọ̀pọ̀ jẹ́ ìpè. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ tì wá náà gbọ́. Lóṣù kìíní, ìjọba ní ọjọ́ ìsinmi fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di àjọ̀dún ńlá ní Ouidah, àwọn ará Bùràsíìlì ń dà wọ̀lú. Ní 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí wọ́n kó ní ààfin Àbómẹ̀ padà fún wọn, èèyàn tò láti wò ó. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí ni ìlú Yorùbá tó ń jẹ́ Kétu wà o. Kétu tí àwọn ará Bahia fi ń pe ìdílé ẹ̀sìn wọn títí dòní! Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá. Ilé àbúrò ni àlejò ń yà sí, ó ń fo ti ẹ̀gbọ́n.

Kí ló dé tó fi ń fò wá? Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá tí wọ́n fi okùn dí lọ́nà.

Ìyá ará Bahia mú ìgò kékeré kan wá láti ilé rẹ̀, ìgò tí kò ju ti lọ́fínńdà lọ. Ó fẹ́ bu omi Ọ̀ṣun sínú rẹ̀ fún àwọn ìyá tó wà ní ilé òrìṣà wọn, àwọn tí ara wọn ò gbé ìrìn-àjò mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, a dé Òṣogbo, a wọ inú igbó, a sọ̀kalẹ̀ dé etí odò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi náà. Ó gbé ìgò sókè sí oòrùn. Omi inú rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó wò ó títí, ó wo ojú mi, ó tún wo ìgò. Kò sọ ohunkóhun. Ó dé e, ó fi aṣọ funfun wé e, ó tì í bọ inú àpò.

Èmi kó ọmọ iléèwé mi lọ sí igbó yẹn ní 1987. A dúró létí odò, a ń sọ àkàrà sínú omi, àwọn ọmọ ń ka ẹja. Wọ́n ń kà wọ́n o! Ẹja tó wà nísàlẹ̀ omi ni wọ́n ń rí tí wọ́n ń kà.

Láti Ìgèdè ní Èkìtì ni odò náà ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kó tó dé Òṣogbo. Lókè ọ̀hún ni wọ́n ti ń wa wúrà. Wọ́n ń gbẹ́ bèbè odò àti àwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń fọ ilẹ̀ pupa náà nínú omi kí wúrà lè yà sọ́tọ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ á sì máa ṣàn bọ̀ wá bá wa. Mẹ́kúrì tí irú àwọn awawúrà bẹ́ẹ̀ fi ń kó wúrà jọ, májèlé ni. Kí wọ́n tó ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra wọn ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́. Omi tí àwọn àgàn ń mu kí wọ́n tó lóyún, omi tí Yorùbá fi sọ ọmọ lórúkọ, tí àwọn ará Cuba àti Bùràsíìlì ń fi orúkọ rẹ̀ búra, ìjọba ní ká má fẹnu kàn án. Ibo ni Kòrónà wà nínú èyí? Ibo ni dọ́là wà nínú rẹ̀?

Wọn ò já bọ́ láti ojú ọ̀run, àwọn awawúrà yẹn. Ẹnì kan ló fún wọn nílẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gba owó nínú àpò ọ̀rá lóru, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ ń sọ fún àwọn ọmọ pé ayé wọn ti bàjẹ́. Ta ló ta odò?

Nígbà tí àwọn kan fẹ́ gé igbó yẹn tà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, obìnrin ará Austria kan ló dúró níwájú wọn. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀, Àdùnní Olórìṣà ni a ń pè é. 1950 ló dé Nàìjíríà, Òṣogbo ló kú sí ní 2009. Òun pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, àwọn bíríkìlà bíi Adébísí Àkànjí, ló fi símẹ́ńtì mọ ère kún igbó náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gé igi á kọ́kọ́ wo ojú òrìṣà. Iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí UNESCO kọ igbó náà sára àwọn ohun ìní àgbáyé ní 2005. Irú rẹ̀ méjì péré la ní ní Nàìjíríà. Ẹni tó wá láti ìlú òyìnbó ló fi ara rẹ̀ ṣe ọgbà fún wa, àwa onílé la tún wá ń ya ọgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n kan ti oṣù Ọ̀pẹ díẹ̀, kì í ṣe ohun tó yẹ kó gba àsìkò jù. Àwọn ọmọ wa ń ti òkè òkun bọ̀ wá ṣe ọdún. Ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run kí bàálù má rí ibi balẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn. Ti pé yàrá ilé ìtura tó jẹ́ 40,000 lóṣù kẹwàá di 120,000 lóṣù Ọ̀pẹ, tí iná ò sì dúró, tí omi ò yọ nínú bàlùwẹ̀, iṣẹ́ ta ni? Ẹ ní epo dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Ṣé oṣù Ọ̀pẹ nìkan ló wọ́n ni? Kí ọmọ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, kí ẹni tó wọ aṣọ ìjọba máa rẹ́rìn-ín sí i, "Kí lẹ mú bọ̀ fún wa?" Kó dé ilé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní kó máa fi owó ránṣẹ́ fún ilé kíkọ́ mú un lọ wo ilẹ̀ tí wọn ò tíì gé koríko rẹ̀. Ọmọ yẹn á padà, á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹ ò ní rí láéláé.

Ti àwọn tó ń mú èèyàn káàkiri náà dùn mí, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ka iṣẹ́ wọn sí. Lórí òkè kan tí a lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa gòkè fọwọ́ sọ àpáta kan, ó ní ibẹ̀ ni ọba ń jókòó. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ sọ òmíràn, ó ní ibẹ̀ ni ọba ń jókòó. Ìyá àlejò wo ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ó ní, ọba mélòó ló wà? Nísàlẹ̀ òkè, ìyá àgbà kan ń ta ẹ̀kọ. Mo ra ẹ̀kọ mẹ́rin, mo ní kí ìyá sọ ìtàn òkè náà fún mi. Ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ agboolé lókè yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lápá ìlà oòrùn, èyí tó ni kànga, ibi tí wọ́n ti bí ìyá tirẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ogun kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò mi, ó ń kọ ọ́, ojú ewé mẹ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń gbọ́. Ó ní, "Ah, mi ò mọ̀ ọ́n báyìí o." Ojoojúmọ́ ló ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá yẹn! Ọdún mẹ́ta! Kò bi í léèrè rí. Ìgbà tí ìyá bá kú, kí ló fẹ́ máa sọ fún àlejò? Àpáta méjì?

Mo ti bá ọmọ olókùn wí. Ó yẹ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àlejò mi ti sùn. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó pè mí ní Bàbá, ó ní kí n má bínú. Ó ní òun ti jáde ní póólì láti ọdún mẹ́rin, kò síṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọdún wo lẹ rò pé ó ti kan ìlú wa rí?" Ó ní ilé ìwòsàn ìlú àwọn kò ní nọ́ọ̀sì. Ó ní kànga tí ìjọba gbẹ́ fún àlejò ti gbẹ, wọn ò tún un ṣe. Ó ní àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ yẹn, kò sí ọmọ ìlú àwọn kan nínú wọn. Mi ò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà okùn yẹn ní bàbá tó bí i. Ẹ̀yin tó ń gba owó ẹnu ọ̀nà tí ẹ kì í já rísíìtì, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ta okùn, tiyín ni kò ṣeé rí lójú. Ọmọ ìlú rí yín, ó ṣe bí ẹ ti ń ṣe. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn bá ń bọ́ sọ́wọ́ ìlú tó ni omi, tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sára pátákó kí gbogbo èèyàn máa kà á lóṣooṣù, àwọn ọ̀dọ́ náà ni yóò máa lé ẹni tó bá dá ọ̀rá sílẹ̀. Kí owó jẹ́ ẹyọ kan, níbì kan, pẹ̀lú rísíìtì. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà tí obìnrin lè wọ̀ láìdi imú. Kí wọ́n gba ọmọ olókùn yẹn síṣẹ́, kí wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ fún oṣù mẹ́ta kó lọ kọ́ ìtàn. Èwo ni dọ́là nínú gbogbo èyí? Èwo la ní láti lọ yá lọ́wọ́ ilẹ̀ Ṣáínà?

Mo sọ fún ọmọ náà pé mo gbọ́. Mo ní ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ náà gba 5,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá, ọdún mẹ́sàn-án ló fi rán aṣọ kó tó rí owó wá sí ìlú rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó bi mí pé ṣé kì í ṣe òyìnbó ni. Mo ní wọ́n kó àwọn ìyá ńlá rẹ̀ láti ilẹ̀ yìí ni, bóyá láti àdúgbò yìí gan-an. Ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Mọ́tò kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó kún fún èrò, wọ́n ń kọrin. Ọmọ náà dìde, ó sì fa okùn le.

Ìyá ará Bahia kọ ìwé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi ló túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti sọ ohun tó rí fún àwọn ará ilé òrìṣà òun, wọ́n sì ti ń dá owó jọ. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlá tó fẹ́ wá sí ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ tó ń bọ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 78. Ó ní òun kò sọ ti àwọ̀ omi fún un. Ó bi mí bóyá omi náà yóò ti mọ́ nígbà yẹn, pé kí n dákun, kí n sọ òótọ́ fún òun.

Mi ò tíì dá a lóhùn.